Orúkọ Tó Wà Lára Aago Ẹnu Ọ̀nà

                                        Gerberhof 7,
                                        35037 Marburg.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 2018.

Àǹtí Gesche mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ẹ sì kú òtútù. Báwo ni orúnkún yín? Ṣé ẹ ṣì ń gun òkè amọ̀ etí omi lọ láràárọ̀ láti wo ọkọ̀ tó ń sọdá, tàbí atẹ́gùn ti lé yín wọlé? Ṣé ikọ́ Àǹkù Onno ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn àgùntàn ńkọ́, ṣé ẹ ti kó wọn wọlé fún ìgbà òtútù? Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ níbí ni mo máa ń bi ara mi bóyá ọ̀dọ̀ yín ló ti ń bọ̀. Ara tèmi le, mo sì ń jẹun. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kì í móoru, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ mi wà lórí tábìlì yín.

Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí mi. Bàbá mi pè mí ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní páálí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ti padà wá bá yín, pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé a kò mọ ẹni tó ni ín ní àdírẹ́sì yìí. Wọ́n ní ẹ gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, ẹ kò tú u, ẹ sì ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ sọ ni pé, "Bí kò bá fẹ́ nǹkan láti ọwọ́ mi mọ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ hun ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ láyé. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, ọwọ́ yín ni mo ti ń jẹun. N kò kọ ẹrù yín. N kò tilẹ̀ fojú kàn án. Ǹ bá pè yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí mo ṣe máa ń rí lórí fóònù: ọ̀rọ̀ á kún inú mi, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló máa jáde. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́, kí ẹ lè mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí bí mo ṣe wá yàrá kiri ní oṣù Kẹsàn-án. Ní ìlú yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà nínú ilé ló ń yan ẹni tí yóò wá bá wọn gbé. Wọn á mú ọ jókòó sí ilé ìdáná, wọn á yí ọ ká pẹ̀lú ìgò ọtí bíà lọ́wọ́, wọn á sì máa bi ọ́ léèrè. Kí lo lè sè? Kí lo máa ń ṣe ní Sátidé? Ṣé ó rọrùn láti bá ọ gbé? Ní ilé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi yẹtí sí etí kan ní kí n sọ nǹkan apanilẹ́rìn-ín tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Orí mi ṣófo. Ìgbà tí mo dé ojú títì ni mo rántí àgbò Àǹkù Onno tó jẹ fìlà pásítọ̀ níbi ìsìnkú. Mo dúró lábẹ́ iná títì, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Wọn kò pè mí padà. Àwọn tó kù náà kò pè mí.

Níkẹyìn, mo rí yàrá Svenja Seibert. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, ó ń lọ sí Nọ́wè títí di òpin oṣù Kejì, ó sì ń wá ẹni tó lè kó wọlé kíákíá. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó ti gbé àpò ìrìnàjò kọ́ ẹ̀yìn nígbà tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Má fọwọ́ kan orúkọ mi lára aago o, àti lára àpótí lẹ́tà. Frankfurt ni onílé ń gbé, kò mọ̀ pé mo ń lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ, kí wọ́n kọ ọ́ pé lọ́dọ̀ Seibert." Mo mi orí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín, ayọ̀ yàrá náà ti gbé mi lọ. Orúkọ mi, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé nìkan ni mo kọ. Ní abúlé wa ní Ditzum, bí ẹnì kan bá kọ "Gesche" lásán sára lẹ́tà, ilé yín ló máa dé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé níbí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára aago, kò sí nínú ilé.

Ìyáàfin Nau ló ń gbé nísàlẹ̀. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn sì ti ń di bàìbàì. Wọ́n ní etí nǹkan làwọn ń rí, pé àárín rẹ̀ ti lọ. Irú wọn pọ̀ ní ìlú yìí nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì pàápàá máa ń dún tí-tí-tí kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọn yóò sọdá. Ìró yẹn ló ń sìn mí lọ sí kíláàsì láàárọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kó dé, Ìyáàfin Nau ń nu àtẹ̀gùn. "Áà, Ìyáàfin Seibert," ni wọ́n wí, "ẹ ti ti ìsinmi dé. Ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀." Svenja kò tíì pẹ́ nílé náà, ó sì jọ pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe èmi. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí à ń kó ìgò sí àti ibi tí à ń kó bébà sí. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń tì mí lójú pé n kò sọ ọ́ lánàá. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kọkànlá, bí ẹnikẹ́ni bá pe Seibert lójú títì, ọrùn mi á ti yí.

Ìyáàfin Nau ló ń gba ẹrù fún gbogbo ilé wa àti fún ilé tó tẹ̀ lé e, nítorí àwọn ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Páálí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Svenja ti ra oríṣiríṣi bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ, wọ́n sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà wọ́n. "Bàtà tún ni, Ìyáàfin Seibert. Ẹsẹ̀ mélòó lẹ ní ná?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, Àǹtí mi, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ń bá mi sọ. Ní yunifásítì, a pọ̀ nínú gbọ̀ngàn débi pé olùkọ́ kéré bí ìka níwájú. Bó bá parí, gbogbo wa á fi ìkúùkù kan tábìlì láti yìn ín, èmi náà á sì kan tèmi. Ariwo tó pọ̀ jù tí mo ń pa lóòjọ́ nìyẹn. Nílé oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ibi tí à ń dá àwo padà sí ni mo máa ń jókòó, torí àwọn èèyàn ń kọjá níbẹ̀, ó sì máa ń dà bí ẹni pé mo ń dúró de ẹnì kan.

Nígbà kan Ìyáàfin Nau fún mi ní ìgò jáàmù tí wọ́n fi èso igi ẹ̀yìnkùlé wọn ṣe. "Ẹ tín-ín-rín bí ọ̀pá ìgbálẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí màmá yín ní Kassel bá rí yín báyìí, èmi ni wọ́n máa bá wí." Kassel ni ìdílé Svenja wà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo gbé jáàmù náà gòkè, n kò sì lè ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo jí i. Seibert ni wọ́n fẹ́ràn nínú ilé yìí. Tomke Harms kò tíì kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ti kíláàsì dé, mo bá Ìyáàfin Nau lórí àtẹ̀gùn, ojú wọn ń dán, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa ròyìn fún.

"Ìyáàfin Seibert, ẹ wá gbọ́. Mirko gbé páálí kan wá lónìí." Mirko ni ọkùnrin tó ń pín ẹrù ní àdúgbò wa. "Ó wúwo, ó ń ta sánsán bíi tíì, wọ́n sì fi okùn dè é bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Ó ní Harms ni wọ́n kọ sí i. Mo ní, Mirko, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, Harms kankan ò gbé ibí rí. Ó ní kí n sáà gbà á sílẹ̀ ná. Mo ní rárá. Ẹnì kan ló fara balẹ̀ di ẹrù yìí, kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Gbé e padà fún ẹni tó dì í. Àbí mi ò ṣe dáadáa?"

"Ẹ ṣe dáadáa, mà," ni mo wí.

Àǹtí mi, mo mọ okùn yẹn. Okùn tí Àǹkù Onno fi ń so àwọ̀n ni, ẹ̀yin lẹ sì máa ń ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti kóòtù lọ́rùn. Lẹ́yìn náà mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní ọkọ̀ ti gbé e lọ. Mo gbé fóònù láti pè yín, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ pé ẹni tó dá ẹrù yín padà ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣe mí lóore níbí, pé mo sì dúró níwájú wọn, mo yìn wọ́n. Mo ní bóyá ẹ ó rò pé ẹ̀bi ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ìgbà tí Bàbá mi wá ròyìn ọ̀rọ̀ yín fún mi ní Ọjọ́bọ̀, mo mọ̀ pé dídákẹ́ mi ti kọjá àárín èmi àti ara mi.

Lánàá tó jẹ́ Sátidé, mo fọ ìgò jáàmù náà, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Èmi ni Harms."

"Kí lẹ wí?"

"Páálí tí Mirko gbé padà. Èmi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Tomke Harms lorúkọ mi, mà. Seibert wà ní Nọ́wè."

Wọ́n di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ rí nǹkan dáadáa.

"Ta wá ni mo ń fún ní jáàmù?"

"Èmi ni, mà."

"Kassel ńkọ́?"

"Mi ò débẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dúró níbẹ̀. Ditzum ni mo ti wá."

"Àwọn bàtà yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò tiẹ̀ wọ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Mo rò pé wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wọ́n jókòó sórí àga kékeré tó wà láàárín àwọn páálí, wọ́n gbé ìgò òfìfo náà lé ẹsẹ̀, wọ́n sì bi mí pé ta ló di ẹrù yẹn. Mo wá sọ nípa yín fún wọn. Mo sọ nípa màmá mi, nípa ilé yín létí omi, nípa bí ẹ ṣe máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ láìwo ọwọ́ yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo parí, omi ti kún ojú wọn.

"Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ara mi," ni wọ́n wí, "mo ní ọmọ ọlọ́mọ ò sí."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sunkún, mo ní èmi ni mi ò sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ ni, o ò sọ̀rọ̀." Wọ́n fi etí áfíróònù nu ojú. "Ìwọ ọmọ yìí, o lè jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ kí ebi sì pa ọ́ kú, torí pé o ò fẹ́ béèrè ṣíbí. Má pè mí ní Ìyáàfin mọ́. Hedwig lorúkọ mi. Lọ bá mi mú bírò wá lórí tábìlì yẹn, àti téèpù."

A jáde lọ síbi aago. Mo ní a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orúkọ Seibert nítorí onílé. "Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?" ni wọ́n wí. "Ti Seibert, ti Seibert ni. Tèmi, ohun tó bá wù mí ni mo lè ṣe sí i." Wọ́n gé bébà kan, wọ́n gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ HARMS. Mo fẹ́ bá wọn kọ ọ́, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn làwọn ní kò sí, àwọn náà ló máa kọ ọ́ pé ó wà. Ó wọ́, lẹ́tà ìkẹyìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ létí bébà. Abẹ́ NAU ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, lára aago tiwọn, wọ́n sì lẹ òmíràn mọ́ àpótí lẹ́tà wọn.

Ibẹ̀ ni Mirko bá wa pẹ̀lú ẹrù tó gbé dé àgbọ̀n. Ó ka orúkọ náà, ó wò wọ́n.

"Ìyá Nau, ṣé Harms tí ẹ ní kò gbé ibí rí nìyí?"

"Kò gbé ibí rí lóòótọ́," ni wọ́n wí. "Àárọ̀ yìí ló dé. Tún gbé ẹrù rẹ̀ padà kí o wá rí mi."

Mirko rẹ́rìn-ín, ó sì kí mi. Ó pè mí ní Harms. Àǹtí mi, ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi ẹnu pè mí bẹ́ẹ̀ níbí.

Mo sọ fún Ìyáàfin Nau (ẹnu mi kò tíì gbà láti pè wọ́n ní Hedwig) pé Svenja ń bọ̀ lópin oṣù Kejì, pé n kò tíì mọ ibi tí mo máa wà lẹ́yìn náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ téèpù náà láti òpin dé òpin. "Téèpù yìí kì í tètè ṣí," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wọn tí ọkọ wọn ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígbà ayé wọn. N kò béèrè. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, mo rí i pé wọ́n ti ṣí fèrèsé ibẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n pè mí wá tan àbẹ́là àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí à ń tàn lọ́jọọjọ́ Ìsinmi títí di Kérésìmesì. Wọ́n po tíì fún mi, tíì inú àpò bébà, wọ́n sì fi ṣíbí rò ó. Ẹ má bínú, mo mu ún. Mo wá ṣàlàyé pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, èèyàn á fi ṣúgà oníkókó sísàlẹ̀ ife, á da tíì gbígbóná sí i, á gbọ́ bí ṣúgà náà ṣe ń fọ́, á da ọ̀rá wàrà lé e lórí, kò sì gbọ́dọ̀ rò ó rárá. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè wo ife tíì kó má rò ó.

Nítorí náà, Àǹtí mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tú páálí yẹn. Ẹ fi í ránṣẹ́ padà bó ṣe wà, tòun ti okùn àti kókó méjèèjì. Mo mọ̀ pé mo ń bọ̀ nílé fún Kérésìmesì, a sì lè jọ tú u níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Nau fẹ́ gbà á fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní sùn dáadáa títí àwọn yóò fi buwọ́ lù ú. Ẹ kọ orúkọ mi gàdàgbà, kí ẹ sì kọ lọ́dọ̀ Nau sí i. Bí inú yín kò bá tíì rọ̀ sí mi, ẹ kọ lẹ́tà sínú rẹ̀ kí ẹ bá mi wí. Inú mi yóò dùn láti kà á.

Ẹ bá mi kí Àǹkù Onno, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ti rí ibi tí mo ti sọ ìtàn àgbò tó jẹ fìlà, àti pé ẹni tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn. Ẹ bá mi kí Bàbá mi bí wọ́n bá yà lọ́dọ̀ yín. Ẹ kí pásítọ̀ náà, àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìsọdá.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lánàá, lẹ́yìn tí Ìyáàfin Nau ti wọlé tí Mirko sì ti lọ, mo dá dúró síta. Mo tẹ aago náà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn láàárín àwọn páálí, ohùn wọn sì jáde láti inú ihò kékeré tó wà lára ògiri.

"Ta ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Harms ń gbé níbí?"

Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ ohùn mi.

"Ó ń gbé níbí," ni wọ́n wí. "Ó kàn jáde ni. Ó ti ń wọlé bọ̀."

Ilẹ̀kùn sì ṣí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò kọ ẹrù yín,

Tomke.